Ọgbọ́n Ni Kí A Yá, Kì Í Ṣe Òjò Dídì

Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ti ń kọjá sí òkè òkun láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní èdè wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣe olùkọ́ ní Boston. Ọ̀jọ̀gbọ́n Antonia Folárìn Schleicher lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison, ìwé rẹ̀, Jẹ́ K'á Sọ Yorùbá, sì jáde ní 1993. Lẹ́yìn àwọn àgbà wọ̀nyí ni ètò Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ lọ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, pé kí wọ́n kọ́ni, kí wọ́n sì padà sílé. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì tí wọ́n ń lọ yìí ni ó wà ní apá àríwá, níbi tí omi odò ti ń dì bí òkúta ní oṣù Ṣẹẹrẹ.

Nígbà tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ìbéèrè mẹ́ta ni à ń bi í. Ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀? Ṣé owó wà níbẹ̀? Kí lẹ mú bọ̀ fún wa? Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ìkẹrin, èyí tí í ṣe: Kí ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi òtútù wọn ṣe? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Èrò mi ni pé ìdáhùn rẹ̀ kan àwa tí a ń gbé ní Òkè-Àró, ní Ifọ̀, ní Ìbàfò àti ní Mòwé ju bí ó ti kan àwọn òyìnbó tí wọ́n ni òtútù lọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa èdè, nítorí pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ó ni ìwé yìí. Àwọn kan máa ń wí pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ní ilẹ̀ òtútù. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti dé ilẹ̀ England láti 1826. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá pé tán ní 1884, òjò dídì ti wà nínú rẹ̀. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹni tí kò rí òjò dídì rí lè mọ bí funfun rẹ̀ ti tó. Yìnyín ni èyí tí ó ń rọ̀ pẹ̀lú òjò nílé wa, tí àwọn ọmọdé máa ń sá lọ ṣà jẹ. Omi dídì ni èyí tí ó gan sínú odò tàbí sínú fíríjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó bá bi olùkọ́ Yorùbá léèrè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó kọ́ ọ, kí ó sì fi ìyàtọ̀ wọn hàn án. Èdè tí ó lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí kì í ṣe èdè tálákà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kàn wá. Ìpínlẹ̀ kan tí ó múlé gbe Minnesota ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní àkókò tèmi. Ní Saint Paul, olú-ìlú Minnesota, wọ́n ní ọdún kan tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí òtútù bá mú jù, ní ìparí oṣù Ṣẹẹrẹ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé. Ohun tí ó fà á ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa. Ní 1885, oníròyìn kan láti New York kọ̀wé pé Saint Paul dà bí Siberia, pé kò yẹ kí ọmọ ènìyàn máa gbé ibẹ̀ nígbà òtútù. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn oníṣòwò ìlú náà wọra. Bí ó bá ṣe ìlú mìíràn ni, wọn ì bá kọ ìwé èébú padà, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ronú. Wọ́n ní, "Ẹ ní òtútù wa pọ̀ jù? Ó dára. Òtútù náà gan-an ni a ó pè yín wá wò."

Ní àkókò náà, ìlú Montreal ní Kánádà ti ń ṣe irú ọdún bẹ́ẹ̀ láti 1883, ṣùgbọ́n àrùn ṣọ̀pọ̀ná kọlu Montreal ní 1885, wọn kò sì lè ṣe ọdún ti 1886. Saint Paul ránṣẹ́ sí akọ́lé ibẹ̀, ó wá, ó sì fi omi dídì tí wọ́n gé bí búlọ́ọ̀kù kọ́ ààfin kan tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Wọn kò ra bíríkì, wọn kò ra sìmẹ́ńtì. Ohun tí wọ́n fi ń bú wọn náà ni wọ́n gé, tí wọ́n tò léra, tí wọ́n tan iná sí nínú. Láti 1886 náà ni ọdún yìí ti wà. Kì í ṣe gbogbo ọdún ni wọ́n ń kọ́ ààfin, nítorí owó ńlá ni ó ń jẹ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ́ ní 1992 lé ní ẹsẹ̀ bàtà 150 ní gíga.

Wọ́n tún dá ìtàn kan sílẹ̀ fún ọdún náà. Boreas, ọba afẹ́fẹ́ àríwá, rí i pé Saint Paul lẹ́wà, ó sì sọ ibẹ̀ di olú-ìlú ìgbà òtútù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá kan, Vulcanus Rex, ọba iná, tí kò fẹ́ kí òtútù jọba títí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Vulcan a wọ aṣọ pupa, wọn a fi dúdú kun ojú, wọn a máa gun ọkọ̀ panápaná àtijọ́ kiri ìgboro. Ní alẹ́ ìkẹyìn, wọn a gbé iná lọ́wọ́, wọn a lé Boreas kúrò lórí ìtẹ́, a sì mọ̀ pé ìgbà ooru ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jáde ní 1886, ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀hún pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ kúbùsù nípọnnípọn. Ta ni ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ojúde Ọba?

Mo lọ wò ó fúnra mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni wọ́n ní kí n wá, mo sì lọ. Ọgbà kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní Rice Park (orúkọ ènìyàn ni o, wọn kì í gbin ìrẹsì síbẹ̀), níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn agbẹ́gilére tí kò ní igi. Omi dídì ni wọ́n ń gbẹ́, pẹ̀lú ayùn àti jígà. Ẹnìkan ń gbẹ́ ẹṣin, ẹnìkan ń gbẹ́ ẹja. Baba arúgbó kan jókòó sórí àga, ó fi kúbùsù bo orúnkún, ó ń mu tíì gbígbóná, ó ń wò wọ́n. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí òkìtì òjò dídì bí àwọn ọmọ wa ti máa ń yọ̀ lórí yanrìn. Òtútù náà kì í ṣe kékeré. Ó gbá mi létí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Síbẹ̀ n kò rí ẹnikẹ́ni tí ó ń bú òtútù lọ́jọ́ náà. Èyí ni ó jọ mí lójú ju ààfin lọ.

Ohun kejì tí ó jọ mí lójú ni ti ìwé ìròyìn. Láti 1952 ni ìwé ìròyìn ìlú náà, Pioneer Press, ti ń fi ohun kékeré kan pamọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìlú nígbà ọdún yìí, lábẹ́ òjò dídì. Lójoojúmọ́, wọn a tẹ ewì kúkúrú kan jáde tí ó jẹ́ àdììtú, tí ó ń júwe ibi tí nǹkan náà wà ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Tọmọdé tàgbà a jí ní òru, wọn a gbé ṣọ́bìrì, wọn a máa wú òjò dídì kiri. Ẹ̀yin ará, kí ni èyí bí kò ṣe àlọ́ àpamọ̀? Àwa tí a ni "Àlọ́ o! Àlọ̀!", àwa tí ìyá wa àgbà kọ́ ní àlọ́ kí a tó mọ ABD, ìwé ìròyìn wo ni ó ń pa àlọ́ fún odindi ìlú nínú wa? Àwọn tí kò ní àlọ́ tó tiwa ti sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ìlú ń ṣọ́ lọ́dọọdún. Àwa ti sọ tiwa di ìbéèrè ìdánwò.

Ẹlòmíràn lè sọ pé Amẹ́ríkà ni, olówó ni wọ́n, ohun tí ó wù wọ́n ni wọ́n lè fi owó ṣe. Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kí a lọ sí Japan. Ìlú Sapporo wà ní erékùṣù Hokkaido, òjò dídì ibẹ̀ kọjá ohun tí ènìyàn lè kó dànù. Ní 1950, nígbà tí ọdún márùn-ún péré ti kọjá lẹ́yìn tí ogun parí, tí ebi ṣì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Japan, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ sí ọgbà Odori láàárín ìlú, ibi tí wọ́n ń da òjò dídì tí wọ́n bá gbá jọ sí, wọ́n sì fi mọ ère mẹ́fà. Ère mẹ́fà péré! Àwọn ènìyàn rọ́ wá wò ó. Ní 1955, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà dara pọ̀, wọ́n mọ ère gàgàrà. Ní 1972 tí wọ́n ṣe eré Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Sapporo, gbogbo ayé rí àwọn ère náà. Lónìí, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni ó máa ń wá wò wọ́n ní oṣù Èrèlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn kan kà níbẹ̀: àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn kò dúró de gómìnà. Wọn kò yan ìgbìmọ̀ alábẹ̀ẹ́kéléè tí yóò jókòó fún ọdún mẹ́ta. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ mú. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Kí ni àwa ń ṣe níhìn-ín? Ẹ lọ sí Mòwé tàbí Ìbàfò ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, kí ẹ wo ojú ilé ìtajà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń ya, eruku ti sọ ewé igi di pupa. Nínú ooru ọ̀sán náà ni ẹ ó rí igi oníke tí wọ́n lẹ òwú mọ́ lára, pé òjò dídì ni. Ẹ ó rí baba kan tí wọ́n wọ ní aṣọ onírun pupa, irùngbọ̀n òwú kún àyà rẹ̀, òógùn ń dà ní ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ń ro oko. Ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fọ́n ìfóòfó láti inú agolo sí ara wọn lórí. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì lo ẹ̀gbọ̀n òwú kí òye òjò dídì lè yé wa. Àwa wá sọ ẹ̀gbọ̀n òwú di òjò dídì fúnra rẹ̀! Ohun tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó ni ojú ọjọ́ rẹ̀, èyí tí kò lè gbé ibí. Ohun tí ó yẹ kí a yá ni ọgbọ́n rẹ̀: pé ohun tí ojú ọ̀run bá fún ìlú ni ìlú ń fi ṣe àríyá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àwọn baba wa kò wí pé aṣọ ọlọ́gbọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn baba wa pàápàá mọ ọgbọ́n yìí kí Saint Paul tó dá a. Ta ni ó ń darí ọdún nílẹ̀ Yorùbá bí kò ṣe òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn? Iṣu kì í ta kí òjò tó rọ̀. Ìdí nìyí tí ọdún ìjẹṣu fi wà ní àárín òjò. Oṣù Ògún ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń wáyé ní Òṣogbo, ní àkókò òjò tí odò kún. Igbó Ọ̀ṣun náà ni àjọ UNESCO sì kọ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005. Ní ìgbà ọyẹ́ ni àwọn ọdẹ máa ń kóra jọ láti dẹ igbó tí ó ti gbẹ, nígbà náà ni oko sì dilẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń ráyè ja ìjàkadì, tí àwọn àgbà ń ráyè ta ayò. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ wa kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Tiwa ni, àwa ni a gbé e sọnù.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ará àdúgbò mi. Bí àwọn ará Èkó bá fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀, kí ni wọ́n ń sọ nípa wa? Wọ́n ní ẹni tí ó ń gbé Mòwé ti fi Nàìjíríà sílẹ̀. Wọ́n ní ará Ìbàfò ti fi ìdajì ayé rẹ̀ jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ní ti Òkè-Àró, ẹlẹ́dẹ̀ ni orúkọ wa lẹ́nu wọn, nítorí pé oko ẹlẹ́dẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ ibẹ̀ ní 2020, tí ẹlẹ́dẹ̀ kú rẹpẹtẹ, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tó ó rántí pé ibì kan ń jẹ́ Òkè-Àró. Èyí kò ha jọ ọ̀rọ̀ oníròyìn New York bí? Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Saint Paul fi èébú kọ́ ààfin, àwa sì ń fi tiwa ṣe ẹ̀rín, a tún ń sọ fún ẹni tí ó bá bi wá pé Èkó ni a ń gbé.

Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Kí ni a ní? A ní ọyẹ́. A ní amọ̀. A ní Ọ̀fàdà nítòsí Mòwé, ìlú tí orúkọ ìrẹsì rẹ̀ ti dé London àti Houston, tí wọ́n ń fi ewé dì, tí wọ́n ń fi ata dúdú jẹ. A ní àwọn ọdẹ tí wọ́n ṣì ń sun ìjálá. A ní reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí ó ń dúró ní Agbádó, tí àlejò lè bá wá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ní akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, tí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ nípa nǹkan wọ̀nyí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa dá Ọjọ́ Ọyẹ́ sílẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, kí a sì ṣe é láàárín ìlú, ní Òkè-Àró tàbí ní Ifọ̀, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn yunifásítì. Ohun mẹ́rin péré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ère amọ̀. Òjò dídì ni Sapporo ní, amọ̀ ni tiwa. Kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ ère mẹ́fà, kí àwọn ìyá amọ̀kòkò sì jẹ́ olùkọ́ wọn. Ère amọ̀ a máa gbẹ kíákíá nínú ọyẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò sì wó o lulẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, bí ooru ti ń yọ́ ère àwọn ará ọ̀hún.

Èkejì, àlọ́ ìlú. Kí a fi nǹkan kan pamọ́, kí a máa lẹ àlọ́ kan mọ́ ara ògiri ọjà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ní èdè Yorùbá tí ó jinlẹ̀, débi pé ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀bùn yóò ní láti lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí a kò bá rí nǹkan mìíràn jẹ nínú Ọjọ́ Ọyẹ́ ju pé ọmọ ogún ọdún jókòó ti ìyá àgbà fún wákàtí kan, a ti jèrè.

Ẹ̀kẹta, oúnjẹ. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni kí a fi ṣe é. Àwọn kan yóò béèrè pé èé ṣe tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ tí Òkè-Àró fi lókìkí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, ọdún tí aládùúgbò ẹni kò lè jẹ níbẹ̀ kì í ṣe ọdún ìlú. Kí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wá pàtẹ iṣẹ́ wọn, kí a bu ọlá fún wọn nítorí ohun tí ojú wọn rí ní 2020, ṣùgbọ́n kí àwo oúnjẹ jẹ́ ti gbogbo wa.

Ẹ̀kẹrin, ìjálá àti ìjàkadì. Iná nìkan ni kí a ṣọ́ra fún. Ní Saint Paul, iná ni ó ń lé òtútù lọ. Nílé wa, iná nínú ọyẹ́ lè lé gbogbo ìlú lọ. Àtùpà ni kí a gbé, kì í ṣe ògùṣọ̀.

Mo mọ̀ pé àtakò yóò wà. Àwọn kan yóò ní ìbọ̀rìṣà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí. Boreas tí mo sọ níṣàájú, òrìṣà afẹ́fẹ́ ni fún àwọn ará Gíríkì àtijọ́. Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ ni fún àwọn ará Róòmù. Bí ó bá wá sílé wa, agbo ilé Ògún ni yóò dé sí. Mo rí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Saint Paul, onígbàgbọ́ paraku, tí wọ́n ń ya àwòrán pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Vulcan, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sílé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé wọ́n ti bọ òrìṣà, wọn kò sì bọ ọ́ lóòótọ́. Eré ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n bí egúngún bá jáde ní ìlú wọn, ilẹ̀kùn ni wọn yóò tì. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ ohunkóhun. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí òṣùwọ̀n wa jẹ́ ọ̀kan. Bí òrìṣà ẹlòmíràn bá lè jẹ́ eré lójú wa, kò yẹ kí ìjálá tiwa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ọdún àtọwọ́dá ni, pé kò ní gbòǹgbò. Èwo ni kì í ṣe àtọwọ́dá? Àwọn oníṣòwò ni wọ́n dá ti Saint Paul. Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wò lónìí, àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè má mọ̀ pé ọdún ni. Gbogbo ọdún ni ó ní ọjọ́ tí kò tíì ní àná.

Àtakò kẹta ni èyí tí ó wúwo jù lójú mi. Àwọn kan yóò ní: ọ̀nà kò dára, omi ń ya wọlé lọ́dọọdún ní etí odò Ògùn, iná mànàmáná kò dúró, àwọn yunifásítì wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022 nígbà ìyanṣẹ́lódì, ṣé àríyá ni ó kù? Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àríyá kì í tún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tijú láti dárúkọ, ta ni yóò jà fún ọ̀nà rẹ̀? Ẹni tí ó ń gbé Òkè-Àró tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ará Èkó, ọ̀nà Èkó ni yóò máa bèèrè fún. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ràn ibì kan kí a tó lè bínú nítorí rẹ̀. Ọjọ́ kan tí gbogbo wa yóò péjọ, tí a ó jẹun pọ̀, tí a ó mọ orúkọ ara wa, ni ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìbínú tí ó wúlò.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ Ọyẹ́, tí ó gba ohùn ọdẹ sílẹ̀, tí ó kọ àlọ́ tuntun, rí máàkì rẹ̀ gbà bí ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ. Ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ó lọ kọ́ni lókè òkun lọ́la, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi sí ìkẹyìn. Nígbà tí òtútù bá dé, ọkàn yín yóò sọ fún yín pé kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ máa jẹ gàrí nínú yàrá, kí ẹ máa ka ọjọ́. Ẹ má ṣe gbọ́ tirẹ̀. Ẹ wọ aṣọ ní ìpele mẹ́ta, ẹ ra bàtà tí kì í yọ̀, kí ẹ sì jáde lọ sí ọdún wọn. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí ó mọ orin Ọ̀ṣun àti oríkì Ògún, ẹ̀tọ́ ni kí àwa náà mọ ohun tí ìlú rẹ̀ ń ṣe. Ẹ sì tètè lọ, nítorí pé òtútù ibẹ̀ ti ń dín kù: ìgbà òtútù 2023 sí 2024 ni ó móoru jù lọ nínú àkọsílẹ̀ Minnesota. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò bi yín ní ohun tí ọ̀kan bi mí: "Olùkọ́, ní ìlú tiyín, kí ni ẹ máa ń fi ojú ọjọ́ yín ṣe?" Mo sọ ti òrí tí à ń fi pa ara fún un, mo sọ ti iṣu sísun àti ti ayò. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ní ìdáhùn tí ó gùn ju tèmi lọ.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ẹ bá ń bọ̀, a kò ní kí ẹ má ra aṣọ bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àpótí fún ọgbọ́n. Ó fúyẹ́, aṣọ́bodè kì í sì gba owó lórí rẹ̀.